Ilẹ̀kùn tí Àwẹ̀ró Ò Rí Ṣí

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yẹn. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kó gbé e kalẹ̀; ẹni tó bá pọn ọmọ, kó sọ ọmọ náà kalẹ̀ sórí itan. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí ò gùn, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀gún nínú, ẹni tó bá ń tòògbé ló máa tẹ̀ ẹ́.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ọdẹ́níyì. Ọdẹ ni, ọdẹ gidi, kì í ṣe irú àwọn tó máa ń ra ẹran lójú ọ̀nà tí wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ kun ìbọn. Bó bá wọgbó, ewé á yà fún un. Bó bá húkọ́, ẹfọ̀n á dúró, á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìwà tó ti hù láti kékeré. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ lábẹ́ igi odán nìyẹn o. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ á wá dá sí i látẹ̀yìn:

"Ẹfọ̀n wo, Bàbá Mọrẹ́nikẹ́? Òkété lẹ gbé wálé lánàá, ó sì ti kú kẹ́ ẹ tó débẹ̀."

Ọdẹ́níyì á rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ á fi máa mì. Nínú gbogbo ayé, Àwẹ̀ró nìkan ló lè bu iyì ọdẹ náà kù, kó sì dùn mọ́ ọn.

Àwẹ̀ró ò ríran. Àìsàn kan ló gba ojú rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọge. Ṣùgbọ́n bó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ, ó ti mọ̀ bóyá ebi ń pa ẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Mọrẹ́nikẹ́. Ó ti lọ́kọ sí ìlú kan tó wà lẹ́yìn odò méje, oyún sì wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn.

Ẹ̀yin náà rò pé ẹ mọ ayélujára. Ẹ̀ ń fi àtàǹpàkò yí i lórí fóònù, ẹ rò pé àná ni wọ́n bí i. Ó ti wà nínú igbó kó tó wọ inú fóònù. Àwọ̀n ni, àwọ̀n ńlá kan tí àwọn iwin hun láti igi dé igi, láti ìlú dé ìlú, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí òwú aláǹtakùn. Bó o bá sọ̀rọ̀ sórí okùn rẹ̀ níhìn-ín, ọ̀rọ̀ náà á sáré lọ bá ẹni tó ni ín. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn tí wọ́n ti ń gba ọ̀rọ̀. Ti ìlú Ọdẹ́níyì wà lára igi àràbà kan létí igbó.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ, aládùúgbò wọn kan sáré wá. Ó ní, "Ìyá Mọrẹ́nikẹ́, orúkọ yín wà lára ilẹ̀kùn àràbà. Ọmọ yín ló ránṣẹ́."

Àwẹ̀ró ò wọ bàtà tó fi jáde.

Bí ilẹ̀kùn yẹn ṣe ń ṣe nìyí: àwòrán ẹyẹ mẹ́sàn-án á yọ lójú rẹ̀, wàá wá fi ìka kan gbogbo èyí tó nírù gígùn, kí ilẹ̀kùn lè mọ̀ pé èèyàn ni ẹ́, pé o kì í ṣe ọ̀bọ tó wá jí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ gbọ́. Àwẹ̀ró na ọwọ́. Ojú ilẹ̀kùn dán bí àwo, kò ní gegele, kò ní kòtò. Ìka rẹ̀ bọ́ sórí adìẹ òpìpì. Ilẹ̀kùn pa dé. Ọdẹ́níyì di ọwọ́ rẹ̀ mú kó lè darí rẹ̀. Ilẹ̀kùn rí ọwọ́ ẹni méjì, ó pa dé. Ọdẹ́níyì wá fi ọwọ́ tirẹ̀ nìkan kàn án. Ọwọ́ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ni ilẹ̀kùn ń fẹ́, ó pa dé.

Aládùúgbò yẹn ní, "Ó ti pè yín ní ọ̀bọ nígbà mẹ́ta o."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, ó ń gbé imú sókè wá òórùn òjò. Torí pé òjò àkọ́rọ̀ ò jìnnà mọ́. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá dà sórí àwọ̀n yẹn, gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọn ò tíì gbà lára rẹ̀ á ṣàn wọlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ mọ́ láéláé.

Ó ní, "Bóyá ọmọ mi ti bí, bóyá ó ń kú lọ, mi ò mọ̀. Orúkọ mi ló wà lára ilẹ̀kùn, èmi ni mi ò lè wọlé."

Ọdẹ́níyì dìde, ó mú ìbọn. Ó ní òun ń lọ bá àwọn tó ń hun àwọ̀n níbi tí wọ́n ti ń hun ún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà ọdẹ kan fún yín. Bí àwọn ọdẹ bá fẹ́ wọgbó, wọ́n á kọ́kọ́ dúró lẹ́nu igbó, wọ́n á jọ mọ àmì. Wọ́n á ní: ìfé ẹ̀ẹ̀kan, èmi ni, ìfé ẹ̀ẹ̀mejì, mo ti rí ẹran, ewé tí mo bá ṣẹ́ sápá ọ̀tún, ibẹ̀ ni mo gbà. Gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, torí ẹni tí kò sí níbi tí wọ́n ti ń mọ àmì, òun ni wọ́n máa ń ṣèèṣì yìnbọn lù. Lọ́jọ́ yẹn, Ọdẹ́níyì àti ajá rẹ̀ nìkan ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Tanímọ̀la, mo bá súfèé lẹ́ẹ̀kan, dúró. Lẹ́ẹ̀mejì, sá." Ajá ju ìrù. Wọ́n wọgbó. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ajá yìí sápò, a máa padà wá mú un.

Ìlú tí wọ́n kọ́kọ́ kàn ni ìlú àwọn Ọlọ́wọ́mẹ́rin. Ẹnubodè wọn ní ọwọ́ ìfà mẹ́rin, bí o kò bá sì fa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní mira. Oníbodè wo Ọdẹ́níyì láti òkè dé ilẹ̀.

"Ta ló dá ẹ, tó fi ẹ́ sílẹ̀ láì parí?"

"Ẹlẹ́dàá mi parí mi. Ẹ̀yin ló bu ènì fún."

"Gbogbo ayé ló ní ọwọ́ mẹ́rin."

"Ṣé ẹ ti dé gbogbo ayé rí ni?"

"Rárá o. Kí la fẹ́ lọ wá níbẹ̀?"

Ọdẹ́níyì ronú títí, ó wá súfèé fún Tanímọ̀la, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì lé ọwọ́ ìfà, òun náà di méjì tó kù mú, ni ẹnubodè bá ṣí. Bó bá ń sọ ibí yìí lábẹ́ igi odán, ó máa ń na apá sókè pé, "Ẹ wò mí dáadáa. Ta ló tún lè ronú bẹ́ẹ̀?" Àwẹ̀ró á ní, "Ajá ni."

Ìlú kejì ni ìlú Asáré. Ilẹ̀kùn wọn ò ju ìwọ̀n sísín ẹ̀ẹ̀kan lọ tó fi ń ṣí. Bó o bá sín tán, ó ti pa dé. Ọdẹ́níyì bá ìyá arúgbó kan tó jókòó síwájú ilé pẹ̀lú ẹní àti ìkòkò.

Ó ní, "Ẹ kú ìjókòó, Ìyá. Kí lẹ ń ṣe níta?"

"Mò ń wọ inú ilé mi lọ, ọmọ mi."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí orúnkún ti ń dùn mí. Ó ti tó ọdún mẹ́ta." Ó rọra fi ọwọ́ nu ẹní rẹ̀. "Àwọn ọmọ mi dáa o. Ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń ju oúnjẹ sí mi."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ọdẹ́níyì. Ó kí ìyá náà, ó sì kọjá lọ. Ẹ má ì tíì bú u, a ṣì ń bọ̀ níbẹ̀.

Ó dé ààfin Olójúọgbọ̀n, ọba àwọn iwin ahunwọ̀n. Ọgbọ̀n ojú ni ọba yìí ní: iwájú, ẹ̀yìn, ìgúnpá, orúnkún. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn ahunwọ̀n láti ìlú gbogbo máa ń pé sọ́dọ̀ rẹ̀ láti tún àwọ̀n ṣe kí òjò tó dé. Ṣùgbọ́n inú igbá kan tó ní ìdérí ni Ọba tọ́jú àwòṣe ilẹ̀kùn sí, ó sì jókòó lé igbá náà. Kò sẹ́ni tó rí i rí. Ohun tó bá wu kálukú ló ń ṣe sí ilẹ̀kùn àti ẹnubodè ìlú rẹ̀, ìyẹn ni ìlú kan fi ní ẹyẹ, tí ìlú kan ní ọwọ́ ìfà mẹ́rin.

Ọba ní, "Ọdẹ, bó o bá mọ àlọ́ mi, wàá sọ̀rọ̀. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, wàá máa ran òwú níbí títí irùngbọ̀n rẹ á fi kanlẹ̀. Kí ló wà ní gbangba tí gbogbo ayé ń lò, tí kì í ṣe tẹnì kan, tó sì jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ló ń dára sí i?"

Ọdẹ tó ti fi ogójì ọdún rìn nínú igbó ni wọ́n ń bi léèrè. Ó ní, "Ọ̀nà ni, Kábíyèsí. Ọ̀nà tí wọn ò bá tẹ̀, igbó á gbà á."

Ọgbọ̀n ojú ṣẹ́jú, ìkan tẹ̀ lé ìkan. Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀. Ọdẹ́níyì ní bí àwọn ọdẹ ṣe ń jọ mọ àmì, káwọn ahunwọ̀n náà jọ mọ àmì kan, kí ilẹ̀kùn gbogbo ìlú jẹ́ bákan náà. Wọ́n jiyàn títí, wọ́n wá fẹnu kò: kò sí ẹyẹ mọ́, kò sí ọwọ́ ìfà mẹ́rin mọ́. Wọ́n á fi osùn kun àmì pupa kan sójú ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni kí olúwarẹ̀ fọwọ́ kàn. Bó bá ṣìnà lẹ́ẹ̀mẹta, ilẹ̀kùn á tì. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ọdẹ́níyì bu osùn sápò, ó gba ọ̀nà ilé, ó ń kọrin nípa ara rẹ̀ láti ìlú dé ìlú.

Bó ṣe délé, ó kun ilẹ̀kùn àràbà, ó fa Àwẹ̀ró lọ́wọ́ lọ síwájú rẹ̀.

Ó ní, "Ó ti parí. Fọwọ́ kan àmì osùn."

"Níbo ló wà?"

"Òun nìyẹn níwájú rẹ. Ó pupa fòò."

Àwẹ̀ró na ọwọ́, ó gbé ọwọ́ náà dúró ní afẹ́fẹ́. Ojú ilẹ̀kùn ṣì dán bí àwo. Ó rọra bi í léèrè, "Bàbá Mọrẹ́nikẹ́, báwo ni pupa ṣe máa ń rí lọ́wọ́?"

Ọdẹ́níyì wo osùn tó wà ní ìka ara rẹ̀. Àwẹ̀ró tún bi í léèrè:

"Nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ wọgbó, ṣé ẹ bá Tanímọ̀la mọ àmì?"

"Mo bá a mọ̀ ọ́n."

"Ẹ bá ajá mọ àmì. Èmi tí mo ni ọ̀rọ̀, ẹ fi mí sílé."

Ọdẹ́níyì jókòó sórí gbòǹgbò àràbà. Ó ní, "Àwẹ̀ró, tìtorí rẹ ni mo ṣe lọ. Tìtorí rẹ ni mo ṣe gbogbo rẹ̀."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣe é fún mi, ẹ ò bá mi ṣe é. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, ọkọ mi." Ó wá orí rẹ̀ kàn, ó fọwọ́ pa á bí ẹni ń pa orí ọmọ. "Ẹ dìde. Ẹ fún mi ní ọ̀pá mi. Mo ti ń gbóòórùn òjò lọ́ọ̀ọ́kán."

Àwọn méjèèjì dúró lẹ́nu igbó. Ọdẹ́níyì ní, "Àmì wo la ó lò?" Àwẹ̀ró ní kó máa súfèé bó bá ń rìn, kí òun lè mọ ibi tó wà, bí òun bá sì fi ọ̀pá lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó dúró de òun. Wọ́n wọgbó.

Àwọn Ọlọ́wọ́mẹ́rin ò tíì tún ẹnubodè wọn ṣe. Oníbodè ní, "Ọdẹ, o tún dé, ajá rẹ dà?" Àwẹ̀ró di ọwọ́ ìfà méjì mú, ọkọ rẹ̀ di méjì mú, ẹnubodè ṣí wọ̀ọ̀. Oníbodè ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ẹnì kan ni yín ni?" Àwẹ̀ró ní, "Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà míì. Bí kò bá ti máa fọ́nnu."

Nígbà tí wọ́n dé ìlú Asáré, Àwẹ̀ró gbọ́ èémí ìyá arúgbó lórí ẹní rẹ̀. Ó lu ọ̀pá lẹ́ẹ̀mejì. "Ìyá, ẹ dìde, ẹ bá wa lọ, kẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́."

"Ẹsẹ̀ mi ò yá, ọmọ mi. Wọ́n á ti tú ká kí n tó débẹ̀."

"Ọdẹ kan wà níbí tó ní òun máa ń gbé ẹfọ̀n. Ẹ gun ẹ̀yìn rẹ̀, ká wò ó."

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọdẹ́níyì gbé ìyá náà dé ààfin. Kì í sábà sọ ibí yìí lábẹ́ igi odán.

Olójúọgbọ̀n ní, "Ọdẹ, a ti parí ọ̀rọ̀ yìí."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, "Kábíyèsí, mi ò sí níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ parí rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ di ojú yín díẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ wá àmì tó wà lára ilẹ̀kùn yín."

Ọba rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó ọdẹ, ojú mi jẹ́ ọgbọ̀n. Ọjọ́ tí gbogbo wọn á di lẹ́ẹ̀kan náà, ọlọ́jọ́ ò tíì dá a."

Ẹnu rẹ̀ ló ṣì wà tí ìjì tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ fi dé. Ó gbé gbogbo eruku ẹ̀ẹ̀rùn dání, ó dà á sí iwájú ààfin tí wọ́n jókòó sí. Ọba ń di ojú iwájú mú, erùpẹ̀ ń wọ tẹ̀yìn. Ó fọwọ́ bo tìgúnpá, torúnkún kún. Ọgbọ̀n ojú, kò sí ìkan tó ṣí. Ó sáré lọ síbi ilẹ̀kùn rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án níhìn-ín, ó fọwọ́ kàn án lọ́hùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹta, ilẹ̀kùn tì. Ó dúró níta ààfin ara rẹ̀ pẹ̀lú adé lórí. "Ta ló gbé ilẹ̀kùn mi lọ?"

Àwọn ahunwọ̀n ń kọlu ara wọn. Lójú Àwẹ̀ró, ìjì kàn jẹ́ ìjì ni. Ó ti gbọ́ ibi tí àmù omi wà látìgbà tó débẹ̀. Ó lọ bu omi, ó wá di Ọba lọ́wọ́ mú, ó ní kó jókòó sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ojú náà ní ìkọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ó ti fọ mọ́kànlá nígbà tí Ọba sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn kékeré.

"Kí lo ní ká ṣe, ìyá?"

"Ẹ jẹ́ kí n fọ ojú yín tán ná."

Ó fọ ọ́ tán. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ pàlọ́ fún ọkọ mi pé ọ̀nà wà ní gbangba, pé kì í ṣe tẹnì kan, pé bí wọ́n bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó ló ń dára tó. Àwòṣe ilẹ̀kùn yìí, ṣé kì í ṣe ọ̀nà ni? Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ọ̀nà sínú igbá, tẹ́ ẹ wá jókòó lé e?"

Olójúọgbọ̀n dìde, ó lọ gbé igbá níbi tó ti jókòó lé e níwájú ààfin, ó ṣí ìdérí, ó da àwòṣe sílẹ̀ ní gbangba níwájú gbogbo wọn. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀? Òwú ni, tó ti lọ́ mọ́ra wọn. Ọba fúnra rẹ̀ ti gbàgbé bó ṣe rí.

Wọ́n wá jókòó ṣe é látìbẹ̀rẹ̀. Àwẹ̀ró ní kí ilẹ̀kùn máa sọ̀rọ̀ bí ẹsẹ̀ bá sún mọ́ ọn, kí àmì sì ní gegele tí ọwọ́ lè wá rí, kí ẹni tí etí rẹ̀ di máa rí i, kí ẹni tí kò ríran máa gbọ́ ọ. Ìyá arúgbó ní òun ò fẹ́ nǹkan ńlá, kí ilẹ̀kùn kàn máa dúró dè òun. Ọlọ́wọ́mẹ́rin kan kùn pé, "Iṣẹ́ yìí ti pọ̀ jù. Èèyàn mélòó ni wọn gan-an?"

Àwẹ̀ró ní, "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ìwọ náà, bí ọwọ́ rẹ kan bá kán lọ́la, ẹnubodè yín á mọ̀ ẹ́?" Ọlọ́wọ́mẹ́rin wo ọwọ́ rẹ̀, ó kà wọ́n. Wọ́n ní gbangba ni àwòṣe á máa wà, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ kó wá kọ́ ọ, ẹni tó bá rí àléébù kó wá sọ, àti pé wọn ò ní tún ìkankan ṣe mọ́ láì pe ẹni tó máa lò ó.

Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọdẹ́níyì.

Ilé jìnnà. Ó wo ojú ọ̀run, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Àwẹ̀ró, a ò lè dé ìdí àràbà mọ́."

Olójúọgbọ̀n ní, "Àwọ̀n kan náà ni. Bí àwòṣe bá ti dọ́gba, ọ̀rọ̀ tó wà nílé yín á ṣí níbí." Òun àti àwọn ahunwọ̀n doríkodò, wọ́n tún ilẹ̀kùn ààfin hun bí ẹni tí ilé ń jó. Ẹ̀kán òjò ń pọ̀. Wọ́n so kókó tó kẹ́yìn. Àwẹ̀ró rìn sún mọ́ ọn.

Ilẹ̀kùn ní, "Ilẹ̀kùn nìyí. Ta ni? Má kánjú."

Ìyá arúgbó bú sẹ́kún níbi tó jókòó sí.

"Àwẹ̀ró ni, ìyá Mọrẹ́nikẹ́." Ó na ọwọ́, gegele náà wá bá ìka rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí. Ohùn ọmọ rẹ̀ jáde látinú rẹ̀, bó ṣe máa ń yára sọ̀rọ̀ láti kékeré:

"Ìyá mi, mo ti bí o, obìnrin ni. Ara mi le, ara rẹ̀ le. Àwọn èèyàn ọkọ mi ti fún un ní orúkọ méje, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fún un ní oríkì. Ẹ̀yin lẹ ni ìyẹn. Bó bá ń sunkún báyìí, mi ò mọ ohun tí mo máa pè é tí á fi dákẹ́. Ẹ tètè dá mi lóhùn. Ẹ kí bàbá mi, ẹ ní kí wọ́n má parọ́ mọ́."

Ọdẹ́níyì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní erùpẹ̀ ìjì ló kó sí i. Àwẹ̀ró tẹ ẹnu mọ́ okùn. Òjò ti ń rọ̀ sí i lórí. Ó ronú ní ìwọ̀n èémí kan.

Ó ní, "Àpínkẹ́. Ẹ máa pè é ní Àpínkẹ́."

Okùn gbọ̀n, ọ̀rọ̀ náà lọ. Ìgbà náà ni òjò wá dà.

Wọ́n dúró níbẹ̀ títí òjò fi dá, wọ́n wá gbé ìyá arúgbó padà sílé rẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ti gba àwòṣe tuntun. Ó dúró dè é, ó wọlé ní ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan. Bí wọ́n sì ṣe ń padà bọ̀, Ọdẹ́níyì ń súfèé níwájú, ọ̀pá Àwẹ̀ró ń dún lẹ́yìn.

Ibi tí ẹ̀gún ìtàn mi wà nìyẹn, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ti mọ̀. Títí dòní, bí Ọdẹ́níyì bá fẹ́ lọ sóko ọdẹ, bó tiẹ̀ jẹ́ pé òun àti ajá rẹ̀ nìkan ló ń lọ, tí Àwẹ̀ró ò sì ní kúrò lójú ọ̀nà ilé, á kọ́kọ́ lọ dúró níwájú rẹ̀ níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Á ní, "Ìyá àgbà Àpínkẹ́, àmì wo la ó lò lónìí?" Àwẹ̀ró á sọ fún un. Á wá yíjú sí ajá, á ní, "Tanímọ̀la, ṣé ìwọ náà gbọ́?"